Sípíríngì àti Ṣọ́ọ̀kì: Èwo Ni Kí A Kọ́kọ́ Rà?

Ọ̀rọ̀ tí a sọ lórí rédíò nípa ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni a tẹ̀ sínú ìwé yìí, kí ẹ lè máa kà á díẹ̀díẹ̀ nílé. Ẹ má kánjú. Bí ọ̀rọ̀ kan bá le, ẹ pè é jáde sétí ara yín, kí ẹ tún un pè, lẹ́yìn náà kí ẹ máa bá ìwé lọ.

Olùgbọ́ wa kan tó ń ná ọ̀nà Kétu sí Ìláàrà ló kọ̀wé sí wa. Ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́ Peugeot 504, èyí tó gùn lẹ́yìn, tí a fi ń kó èrò àti ẹrù. Ó ní bí òun bá ti kó ẹrù ọjà, ìdí ọkọ̀ á rọ̀ sílẹ̀ bí adìyẹ tó sàba. Bí òun bá sì ń sáré lórí ọ̀nà pupa, ìdí ọkọ̀ á máa yọ̀ lọ sọ́tùn-ún, á máa yọ̀ lọ sósì. Nísinsìnyí èsúsú ti kàn án. Owó náà tó ra sípíríngì líle mẹ́rin fún ẹ̀yìn ọkọ̀. Ó sì tó ra ṣọ́ọ̀kì mẹ́rin. Ṣùgbọ́n kò tó ra méjèèjì. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní sípíríngì líle ni kó rà, nítorí pé ọkọ̀ tó bá le ni ọkọ̀ tó lágbára, òun ló sì ń sáré. Ó ní kí a bá òun dá sí i.

Ìbéèrè gidi ni. Owó èsúsú kì í ṣe owó tí a ń rí lójoojúmọ́. Àwọn tó sì ń jókòó sínú ọkọ̀ yẹn, ìyá tó pọn ọmọ, bàbá tó ń lọ gba owó àgbàdo rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n léèrè ohun tí awakọ̀ fi sábẹ́ ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Iṣẹ́ sípíríngì yàtọ̀ sí iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì

Sípíríngì ni irin tó ru ọkọ̀. Àwọn mẹkáníìkì tó kọ́ṣẹ́ ní èdè Faransé ń pè é ní rẹsọ́ọ̀. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Èkíní ni irin tí wọ́n ká bí ejò. Èkejì ni irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra, gígùn lórí kúkúrú. Lẹ́yìn 504 tó gùn, irin kíká ló wà níbẹ̀, méjì lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì. Lẹ́yìn 504 akẹ́rù, irin pẹlẹbẹ ni.

Bí ẹ bá tẹ sípíríngì, á lọ sílẹ̀. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, á fò padà. Bó bá fò padà tán, á tún lọ sílẹ̀, á tún fò. Bí nǹkan kan kò bá dá a lẹ́kun, á máa jó bẹ́ẹ̀ títí yóò fi rẹ̀ ẹ́.

Ohun tó ń dá a lẹ́kun ni ṣọ́ọ̀kì. Àwọn kan ń pè é ní amọtisẹ́ẹ̀. Ẹ rántí póńpù tí a fi ń fún táyà kẹ̀kẹ́. Bí ẹ bá fi àtàǹpàkò dí ẹnu rẹ̀, tí ẹ fi ihò kékeré sílẹ̀, tí ẹ wá ń tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ á wúwo. Bí ẹ bá ṣe é pẹ́, ara póńpù á gbóná. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ṣọ́ọ̀kì rí. Òróró ló wà nínú rẹ̀ dípò afẹ́fẹ́. Irin kan ń lọ sókè sódò nínú òróró náà, òróró sì ń fi agbára gba inú ihò tóóró kọjá. Ijó tí sípíríngì ń jó ni ṣọ́ọ̀kì ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń sọ di ooru.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ṣọ́ọ̀kì ló gbé ọkọ̀ dúró. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá tú ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn 504 kúrò pátápátá, ọkọ̀ náà kò ní lọ sílẹ̀ ju bó ṣe wà lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wà á bẹ́ẹ̀ ń fi ẹ̀mí ṣeré.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Táyà ló ń darí ọkọ̀, táyà ló sì ń dá a dúró. Táyà tí kò kan ilẹ̀ kò lè ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Nígbà tí sípíríngì bá ń jó tí kò sí ṣọ́ọ̀kì tó mú un, táyà á máa fò kúrò nílẹ̀, á máa padà, á tún máa fò. Ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì, ìdajì àkókò yẹn afẹ́fẹ́ ni táyà ń dì mú. Ìdí tí ìdí ọkọ̀ ọ̀rẹ́ wa fi ń yọ̀ lọ sọ́tùn-ún sósì nìyẹn. Àìsàn ṣọ́ọ̀kì ni. Ìdí ọkọ̀ tó ń rọ̀ sílẹ̀ bí ẹrù bá wọ̀ ọ́ ni àìsàn sípíríngì, tàbí kí n kúkú sọ pé àìsàn ẹrù ni, a ó dé ibẹ̀.

Ebè tó dúbúú ọ̀nà

Gbogbo wa la mọ ọ̀nà tó bá ti ya ebè. Ọ̀nà pupa náà lè tẹ́jú lójú, ṣùgbọ́n ebè kéékèèké dúbúú rẹ̀ láti etí kan dé etí kejì, tí ọkọ̀ á máa gbọ̀n gìrìgìrì, tí eyín èrò á máa lu ara wọn. Àwọn àgbà kan máa ń sọ pé àwọn ọkọ̀ ńlá ló ń ṣe é, tàbí pé sípíríngì àwọn ọkọ̀ ló ń jó tó ń gbẹ́ ilẹ̀.

Ní ọdún 2007, àwọn onímọ̀ mẹ́ta láti Kánádà, Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé èsì ìwádìí kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n da yanrìn sórí àwo ńlá kan tó ń yí, wọ́n sì gbé ẹsẹ̀ kékeré kan lé e kó máa yí lórí yanrìn. Ẹsẹ̀ náà kò ní sípíríngì, kò ní ṣọ́ọ̀kì. Síbẹ̀ ebè yọ. Wọ́n rí i pé bí ẹsẹ̀ bá ń yí pẹ̀lẹ́, yanrìn á tẹ́jú. Bí eré rẹ̀ bá kọjá ìwọ̀n kan, ebè á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ìwọ̀n yẹn kéré púpọ̀. Nítorí náà kò sí ọkọ̀ kan tí a lè rọ ẹ̀bi rẹ̀ lé lórí. Níbi tí ilẹ̀ bá gbẹ, tó ní yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́, tí ọkọ̀ sì ń sáré, ebè á yọ.

Àwọn awakọ̀ kan mọ̀ pé bí ọkọ̀ bá sáré púpọ̀ lórí ebè, gbígbọ̀n rẹ̀ á dín kù. Òótọ́ ni. Táyà á máa fò láti orí ebè kan dé orí èkejì, kò ní í bọ́ sínú kòtò àárín wọn. Ara ọkọ̀ á dákẹ́, inú awakọ̀ á dùn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ: táyà ń fò. Bí ewúrẹ́ bá já sójú ọ̀nà nígbà yẹn, tàbí bí ọ̀nà bá yà, kò sí ohun tí sítíárìn lè ṣe. Sípíríngì tó bá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ á tún mú kí táyà fò sí i ni, bí ṣọ́ọ̀kì tó lágbára kò bá tẹ̀ lé e.

Ọkọ̀ tó le kọ́ ni ọkọ̀ tó lágbára

Èyí ni mo fẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ awakọ̀ wa yẹn gbọ́. Ọdún 1968 ni ilé iṣẹ́ Peugeot gbé 504 jáde ní ilẹ̀ Faransé. Ní ọdún 1975 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Kàdúná ní Nàìjíríà, ìdí nìyẹn tí èlò rẹ̀ fi pọ̀ ní ọjà ìhà Mẹ̀kọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọdún 1975 yẹn kan náà, ọkùnrin ará Swídìn kan tó ń jẹ́ Ove Andersson fi 504 gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ní Kẹ́ńyà. Ìdíje náà gba inú ẹrẹ̀, inú eruku, lórí òkúta, fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà. Ní ọdún 1978 Jean-Pierre Nicolas tún fi 504 mìíràn gbà á. Ṣáájú wọn, 404 ti gba ìdíje yẹn ní 1963, 1966, 1967 àti 1968.

Ọkọ̀ wo ni 504? Ọkọ̀ tí sípíríngì rẹ̀ rọ̀ ni, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì lè rìn jìnnà lọ sókè sódò kí irin tó gbá irin. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀ lé ilẹ̀. Bí kòtò bá dé, ẹsẹ̀ á wọ inú kòtò, ara ọkọ̀ á sì dúró lókè. Ṣọ́ọ̀kì tó dára ni wọ́n sì fi ń kó o níjàánu. Àwọn tó fi ṣe ìdíje fi kún agbára rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ọ́ di pátákó.

Ọkọ̀ eré ìje tí ẹ ń rí nínú tẹlifíṣọ̀n, tó fà mọ́lẹ̀, tó le gbagidi, orí ọ̀dà tó tẹ́jú bí àwo ni wọ́n ṣe é fún. Àwọn ọ̀dọ́ kan ní Kùtọnù máa ń gé sípíríngì ọkọ̀ wọn kúrú kó lè jọ ọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ máa lọ lọ́nà oko ní Ìdígné nínú oṣù kẹfà, ẹ bá mi kí wọn.

Ẹ jẹ́ kí a wọn ọkọ̀ wa

Ní báyìí tí ẹ ti mọ ìwé kọ àti nọ́ńbà kà, ẹ̀yin fúnra yín lè mọ bí sípíríngì yín ṣe le tó. Ẹ kò nílò ẹ̀rọ kankan. Ẹ wá téèpù ìwọ̀n, bíírò, ìwé kékeré, àti àpò àgbàdo tí ẹ ti gbé sórí ìwọ̀n tó jẹ́ 50 kílò géérégé.

Ẹ gbé ọkọ̀ sí ibi tó tẹ́jú. Kó ṣófo. Ẹ wo abẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn, ẹ ó rí rọ́bà kan tó nípọn. Bí ẹsẹ̀ bá wọlé jù, rọ́bà yìí ni irin á gbá. Ẹ wọn àlàfo tó wà láàárín rọ́bà náà àti irin tí yóò gbá a. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ di àpò 2 sórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gan-an, ẹ mi ọkọ̀ díẹ̀ kó lè jókòó, ẹ tún un wọ̀n.

Ká ní àlàfo náà jẹ́ 9 sẹ̀ǹtímítà nígbà tí ọkọ̀ ṣófo. Ká ní ó di 7 nígbà tí àpò 2 wọ̀ ọ́. Ìyẹn ni pé 100 kílò jẹ 2 sẹ̀ǹtímítà, àpò kan sì ń jẹ 1. Bí ẹ bá di àpò 6, ó ku 3. Bí ẹ bá di àpò 8, ó ku 1. Ẹ wá fi 1 sẹ̀ǹtímítà yẹn wọ kòtò tó jìn ní 5. Irin á gbá rọ́bà, ìgbá náà á lọ tààrà sínú ṣáásí, sínú ẹ̀yìn èrò, sínú ṣọ́ọ̀kì pẹ̀lú. Ibẹ̀ ni ṣáásí ti ń sán, ibẹ̀ náà ni ojú tí a jó ti ń ṣí.

Bí ẹ bá fẹ́ kí 400 kílò má jẹ ju 5 lọ, ẹ nílò sípíríngì tí 80 kílò á fi jẹ 1 sẹ̀ǹtímítà dípò 50. Ẹ rí i pé nọ́ńbà ti wọ ọ̀rọ̀ wa. Ẹni tó bá lọ sọ́dọ̀ ontàjà tó sọ pé "ẹ fún mi ní èyí tó le," ohunkóhun ni ontàjà lè gbé fún un. Ẹni tó bá mú ìwé rẹ̀ lọ, tó sọ pé "eléyìí ti mo ní, àpò kan ń jẹ sẹ̀ǹtímítà kan," ìyẹn ti mọ ohun tó ń wá.

Ṣùgbọ́n ẹ ka èyí lẹ́ẹ̀mejì. Sípíríngì líle kò fi kún ẹrù tí ọkọ̀ lè rù. Ó kàn ń mú kí ìdí ọkọ̀ má rọ̀ sílẹ̀ ni. Irin tó gbé ẹsẹ̀, táyà, àti bíréèkì ṣì wà bí wọ́n ṣe wà. Nínú ìwé ọkọ̀ yín, ẹ wá nọ́ńbà tó sọ ìwọ̀n ọkọ̀ tòun tẹrù. Òun ni ààlà. Sípíríngì tó rọ̀ ń kìlọ̀ fún awakọ̀: ìdí ọkọ̀ ti rọ̀, ẹrù ti pọ̀. Ẹni tó bá fi irin líle pa ẹnu ìkìlọ̀ yẹn mọ́, kò ní mọ̀ mọ́ títí táyà á fi bẹ́.

Ohun tí kò yẹ kí a ṣe sí sípíríngì

Kí a má fi iná gé e. Iná ni wọ́n fi sọ irin yẹn di irin tó ń fò padà. Wọ́n mú un gbóná, wọ́n tì í bọ òróró, wọ́n tún mú un gbóná níwọ̀nba. Gbogbo alágbẹ̀dẹ Kétu mọ ohun tí mò ń sọ, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fún ẹnu àdá lágbára. Bí wẹ́dà bá fi iná kàn án, ibi tí iná dé á rọ̀ tàbí kó di gbígbẹ bí àwo, yóò sì kán níbẹ̀.

Kí a má ki igi tàbí rọ́bà bọ àárín irin kíká. Ibi tí a kì mọ́ kò ní ṣiṣẹ́ mọ́, gbogbo iṣẹ́ á wá bọ́ sórí ìyókù.

Irin pẹlẹbẹ, a lè fi ewé kan kún un. Mẹkáníìkì wa ń ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n títẹ̀ ewé tuntun náà gbọ́dọ̀ bá ti àwọn tó kù mu. Bó bá tẹ̀ jù, òun nìkan ni yóò máa ru ẹrù, yóò sì kán. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ irin tó dè wọ́n pọ̀ bí ó bá ti jẹ. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì tí ọkọ̀ bá ti rìn, kí wọ́n tún gbogbo nọ́ọ̀tì rẹ̀ fún, torí ewé tuntun á ti jókòó, nọ́ọ̀tì á sì ti dẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí wọn kì í sábà sọ fún wa. Bí ìdí ọkọ̀ bá ga sókè, bíréèkì pẹ̀lú á yípadà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù ní ohun kékeré kan lábẹ́ lẹ́yìn, tí ọ̀pá tín-ín-rín so mọ́ ẹsẹ̀. Nígbà tí ẹrù bá wà, ìdí á rọ̀, ọ̀pá á sún, bíréèkì ẹ̀yìn á gba agbára sí i. Nígbà tí ọkọ̀ bá ṣófo, ìdí á ga, bíréèkì ẹ̀yìn á dín agbára kù kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn má baà dì kí ọkọ̀ sì yí. Ẹ wá ti fi sípíríngì líle gbé ìdí ọkọ̀ ga. Ẹrù kún inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pá náà rò pé ọkọ̀ ṣófo. Bíréèkì ẹ̀yìn kò ní ṣiṣẹ́ bó ti yẹ. Kí mẹkáníìkì tún ọ̀pá yẹn tò. Kó sì wo rọ́bà tí òróró bíréèkì ń gbà kọjá, kó má baà jẹ́ pé ó ti nà jù.

Ìkìlọ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́: níwájú 504, àti níwájú ọ̀pọ̀ Toyota tó ń gba èbúté Kùtọnù wọlé, ṣọ́ọ̀kì wà nínú sípíríngì ni. Sípíríngì náà wà ní títẹ̀. Bí ẹ bá tú nọ́ọ̀tì orí rẹ̀ láìkọ́kọ́ fi irin onískúrù dè é, yóò jáde bí ọta ìbọn. Ó ti fọ́ àgbọ̀n, ó sì ń pa ènìyàn. Okùn kò tó o, wáyà kò tó o.

Bí a ṣe ń mọ ṣọ́ọ̀kì tó ti kú

Ẹ fi gbogbo ara tẹ igun ọkọ̀ kan, kí ẹ jáwọ́ lójijì. Bó bá gòkè tó sì dúró, ó dára. Bó bá jó lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin, ṣọ́ọ̀kì igun yẹn ti lọ. Ìdánwò yìí ń fi èyí tó ti kú pátápátá hàn, kì í fi èyí tó ń ṣàìsàn hàn. Nítorí náà ẹ wo ara rẹ̀ bóyá òróró ti ń sun jáde, tí eruku wá lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ fi ọwọ́ pa táyà. Bó bá jẹ níbìkan tó yọ níbìkan, tó ń ṣe gbágungbàgun lábẹ́ ọwọ́, táyà náà ti ń fò.

Àyẹ̀wò tí mo fẹ́ràn jù ni ti ooru. Ẹ wa ọkọ̀ lórí ọ̀nà tó ya ebè fún bí 10 kìlómítà. Ẹ dúró, ẹ pa ọkọ̀, ẹ rọra fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣọ́ra, ó lè jóni. Èyí tó bá gbóná ti ṣiṣẹ́. Èyí tó bá tutù nígbà tí èkejì rẹ̀ gbóná, ọ̀lẹ ni, ó kàn ń bá yín jókòó nínú ọkọ̀ láìsan owó ni.

Bí ẹ bá ń ra tuntun, ẹ rà á ní méjì méjì, méjì iwájú tàbí méjì ẹ̀yìn. Ìbejì ni wọ́n. Bí ọ̀kan bá le tí èkejì sì rọ̀, ọkọ̀ á máa fà sí apá kan bí ẹ bá tẹ bíréèkì.

Oríṣi méjì ni ẹ ó rí lọ́jà. Èyí tó jẹ́ òróró nìkan kò wọ́n. Àléébù rẹ̀ ni pé lórí ebè, òróró á hó bí omi ọṣẹ, ìfófòó kò sì lè mú sípíríngì dúró. Èkejì ní gáàsì nínú tó ń tẹ òróró mọ́lẹ̀ kó má baà hó. Nínú àwọn onígáàsì, àwọn kan jẹ́ agolo kan ṣoṣo, àwọn kan jẹ́ agolo nínú agolo. Agolo kan ṣoṣo ń tètè tutù, àwọn tó ń ṣe ìdíje fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n bí òkúta bá bà á tó tẹ̀ sínú, irin inú rẹ̀ á há. Fún ọ̀nà pupa wa, tí òkúta ń ta sábẹ́ ọkọ̀ látàárọ̀ dalẹ́, agolo nínú agolo tó ní gáàsì ni èmi yóò rà.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ di ṣọ́ọ̀kì náà mú ní òró, ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé, ẹ fà á jáde lẹ́ẹ̀mẹrin. Àwọn ìgbà àkọ́kọ́ ọwọ́ lè fúyẹ́ torí afẹ́fẹ́ tó wà nínú. Lẹ́yìn ìyẹn kí ó wúwo déédéé láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ibì kan bá fúyẹ́ lójijì, ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀. Èyí tí wọ́n tú lára ọkọ̀ àlòkù, tí wọ́n fi kùn dúdú kùn, ẹ má rà á rárá, ì báà dín ní ìdajì owó.

Ilẹ̀ dúdú

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ, ilẹ̀ pupa ni mo fi ń ṣe àpẹẹrẹ. Àwa tó ń gba ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí lọ sí Pobè mọ̀ pé ilẹ̀ dúdú wà níbẹ̀ tí kì í ṣe ẹgbẹ́ ilẹ̀ pupa. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn á sán, á le bí irin. Nígbà òjò á di ẹ̀mọ́. Ilẹ̀ yẹn ló ran àwọn Ọ̀họ̀rí lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n dìde sí ìjọba Faransé ní 1914. Bí ẹ bá yà kúrò lórí ọ̀dà lọ́hùn-ún lẹ́yìn òjò, kò sí sípíríngì tó lè gbà yín. Gíga ọkọ̀ àti eyín táyà ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Gíga náà sì ní ààlà, torí ọkọ̀ tó ga, tí ẹrù tún wà lórí òrùlé rẹ̀, ń tètè ṣubú ní ìyípo ọ̀nà.

Ẹ̀yin ọlọ́kadà àti onízémijáànì, mo mọ̀ pé ẹ ó ní a kò dárúkọ yín. Ẹ wo ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn alùpùpù yín. Lára ọ̀pọ̀ wọn, òrùka kan wà nísàlẹ̀ sípíríngì tó ní àtẹ̀gùn bíi márùn-ún. Bí ẹ bá fẹ́ gbé èrò méjì, ẹ yí i gòkè. Bí ẹ bá ń lọ lẹ́yin nìkan, ẹ yí i sọ̀kalẹ̀. Kí apá ọ̀tún àti apá òsì dọ́gba. Kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Ìdáhùn wa fún ọ̀rẹ́ wa ti Ìláàrà

Bàbá, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí kò wọ́n. Ẹ wọn atẹ́gùn táyà yín láàárọ̀ kí ọkọ̀ tó gbóná. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì fi jáàkì gbé ọkọ̀, kó mi ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan wò, kó wo gbogbo rọ́bà kékeré tó wà níbi tí irin ti so mọ́ irin. Bí rọ́bà wọ̀nyẹn bá ti jẹ, ìdí ọkọ̀ á máa yọ̀ bí ẹ tilẹ̀ ra ṣọ́ọ̀kì olówó iyebíye. Owó díẹ̀ ni rọ́bà.

Lẹ́yìn náà ẹ fi owó èsúsú ra ṣọ́ọ̀kì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ má ra sípíríngì líle lọ́dún yìí. Sípíríngì tí ẹ ní, ẹ wọ̀n ọ́n bí a ṣe kọ ọ́ sókè yìí. Bí ìdí ọkọ̀ bá rẹlẹ̀ nígbà tó ṣófo, tí ọ̀tún kò sì bá òsì dọ́gba, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ẹ máa tọ́jú owó láti fi irú rẹ̀ gan-an pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Bó bá dọ́gba, a jẹ́ pé ẹrù ni kí ẹ dín. Àpò 8 tí ẹ ń dì, ẹ sọ ọ́ di 5, kí ẹ sún wọn síwájú díẹ̀ kí wọ́n má gbogbo wà lẹ́yìn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Mo mọ̀ pé àpò 3 yẹn, owó ni. Ẹ fi wé owó ṣáásí tó sán.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá de ṣọ́ọ̀kì náà, kí wọ́n má fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ tán nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lórí jáàkì. Kí wọ́n sọ ọkọ̀ kalẹ̀, kó fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ ilẹ̀, kí wọ́n tó fún un parí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, rọ́bà ojú rẹ̀ á máa lọ́ nígbà gbogbo, á sì tètè ya. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ dè é àti nọ́ńbà kìlómítà ọkọ̀ sínú ìwé yín. Lẹ́yìn 200 kìlómítà, ẹ padà sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kó tún nọ́ọ̀tì wọ̀nyẹn yẹ̀ wò.